Mímúra Ọmọ Mẹ̀kúnnù Sílẹ̀ fún Yunifásítì ní Èkìtì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Rẹ̀

Àwa ọmọ Èkìtì máa ń fi ìwé yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa ta kòkó, àwọn mìíràn fi oko yáwó, kí ọmọ wọn lè wọ Christ's School ní Adó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1933, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ní ìlú kékeré tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́, mo ń rí àwọn ọmọ tí orí wọn pé dáadáa tí wọ́n parí ìwé mẹ́wàá tí wọ́n sì jókòó sílé, tí ọkùnrin ń gun ọ̀kadà, tí obìnrin ń ta ọjà níwájú ilé. Nígbà tí mo wádìí ohun tí ó dá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dúró, ìwé kíkà nìkan kọ́ ni mo bá níbẹ̀. Orúkọ tí ó wà lórí NIN ọ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lórí WAEC rẹ̀. Ọ̀kan kò rí pátákó ìkọ̀wé láti ìgbà tí ó ti wà ní JSS2, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan rí àyè gbà sí yunifásítì, ṣùgbọ́n gbèdéke owó ìtẹ́wọ́gbà ti kọjá kí ìyá rẹ̀ tó rí gaàrí tà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ múra ọmọ mẹ̀kúnnù sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní láti mú odindi ọmọ náà lọ́wọ́: ojú rẹ̀, ikùn rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ọkàn rẹ̀, àti ilé tí ó ti wá. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún olùkọ́, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ tàbí mọ́sálásí tí ó fẹ́ dá kíláàsì ìmúrasílẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Mo to àwọn ìgbésẹ̀ náà bí ó ti yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra, nítorí pé èyí tí a bá fò máa ń padà wá dá wa dúró lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú wọn láti SS1, kí wọ́n má sì pọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere máa ń dé ní oṣù Kejì ọdún tí ọmọ yóò ṣe ìdánwò, tí wọ́n kó ìwé ìbéèrè àtijọ́ dání. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ọmọ tí kò lè ka ojú ìwé kan kí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ kò lè rí i kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. SS1 ni kí ẹ ti mú wọn, kí ẹ lè ní ọdún mẹ́ta gbáko. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún àgbàlagbà mẹ́ta. Ẹ óò mọ ilé gbogbo wọn, ẹ óò sì tètè fura nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó fi ọgọ́rin ọmọ bẹ̀rẹ̀, tí ó di pé orúkọ ni wọ́n ń pè títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Nígbà tí ẹ bá ń yàn, ẹ má wo ẹni tí ó ń gba ipò kìíní nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ pé ta ni ó máa ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ bí òjò tilẹ̀ rọ̀, ta ni ó máa ń dúró béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ, ta ni ó máa ń ka ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó kà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ọmọ náà kí ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tí ó ń tọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìyá àgbà ni ẹ óò bá. Ẹ rí i pé ìdajì wọn jẹ́ obìnrin, nítorí pé nígbà tí owó bá wọ́n nínú ilé, ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé igbá ọjà lé lórí. Ohun kan tún wà tí mo fi ọwọ́ pàtàkì mú: ẹ má ṣe pe kíláàsì náà ní ti àwọn tálákà, ẹ má sì tò wọ́n síwájú ìlú kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ tí a bá dójú tì kì í padà wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yẹ ìwé ẹ̀rí wò kí ẹ tó ṣí ìwé ẹ̀kọ́

Èyí ni ó ń yà àwọn ènìyàn lẹ́nu jù, òun náà sì ni mo kábàámọ̀ jù pé n kò tètè mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ kan lè ní orúkọ mẹ́rin: èyí tí bàbá sọ ọ́, èyí tí ìyá àgbà ń pè é, orúkọ ìsàmì, àti èyí tí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè kọ ọ́ fún un. Orúkọ ìdílé pẹ̀lú kò dúró sójú kan. Àwọn ọmọ ìyá kan náà lè wà tí ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ bàbá tí èkejì sì ń jẹ́ ti bàbá àgbà. Kò sí wàhálà kankan nínú èyí títí di ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà JAMB yóò fi orúkọ tí ó wà lórí NIN sí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀, tí WAEC yóò sì gbé òmíràn jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ pe òbí kọ̀ọ̀kan kí ẹ fẹnu kò lórí orúkọ mẹ́ta, bí a ṣe máa kọ wọ́n àti bí wọn yóò ṣe tẹ̀ léra, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, kí ọmọ náà há a sórí bí ó ti há orin orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ àjọ tí ó ń ka iye ènìyàn, kí ẹ fi í gba NIN tàbí kí ẹ fi tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN máa ń gba owó àti àkókò, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí ó parí ní SS1, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC àti NECO. Ẹ tún gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ọmọ náà ti wá, nínú mẹ́rìndínlógún tí a ní ní Èkìtì. Yunifásítì yóò béèrè rẹ̀, ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yóò sì béèrè rẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù jẹ́ ara ìwé ẹ̀rí báyìí. Orí nọ́ńbà náà ni ọmọ yóò ti fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 láti gba kóòdù JAMB, nọ́ńbà kan kò sì lè ṣiṣẹ́ fún ọmọ méjì. Ẹ jẹ́ kí síìmù náà jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, kí ẹ má lo ti ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Èkó, ẹni tí ó lè jù ú nù lọ́la. Ẹ ṣí fáìlì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà gbogbo ìwé wà lọ́dọ̀ yín, kí ojúlówó sì wà lọ́dọ̀ òbí nínú ọ̀rá tí omi àti eku kò lè dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ojú, ikùn àti ara

Ẹ gba pátákó lẹ́tà tí àwọn dókítà ojú ń lò, ẹ wọn mítà mẹ́fà, kí ọmọ bo ojú kan kí ó ka lẹ́tà, kí ó sì tún bo èkejì. Nọ́ọ̀sì kan lè fi bí a ti ń ṣe é hàn yín láàárín wákàtí kan. Ẹni tí kò bá rí ìlà tí ó yẹ kí ó rí ni kí ẹ mú lọ sí ilé ìwòsàn ojú, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tí ó wà ní Adó tàbí èyí tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Bí ọmọ bá sì gba awò tán, ẹ máa wò ó bóyá ó ń lò ó, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pè é ní olójú mẹ́rin. Mo máa ń ní kí àgbàlagbà tí ó ń lo awò ní kíláàsì jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) wọn. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS, ìyẹn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, máa ń ṣàìsàn nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò ńlá, ó sì yẹ kí ẹ ti ní ètò bí ẹ ó ṣe fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i nílé, kí ó má bàa rò pé a ti gbàgbé òun. Fún àwọn ọmọbìnrin, ẹ fi páàdì nǹkan oṣù sí inú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin, kí wọ́n lè mú un láìtọrọ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ọmọ tí ó bá ń pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ lóṣooṣù ti pàdánù ju oṣù kan lọ kí ọdún tó parí.

Oúnjẹ kì í ṣe àfikún. Ọmọ tí ó ti ro oko láàárọ̀ Sátidé kí ó tó wá, tí kò sì jẹun, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Àkàrà àti ẹ̀kọ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín ní ọ̀sán, ó tó. Iyán ni oúnjẹ wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi pamọ́ di ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, kí oorun má bàa gbé wọn lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi àkókò yín sí ibi tí àkókò wọn wà

Ẹ gba kàlẹ́ńdà, kí ẹ sàmì sí gbogbo ọjọ́ ọjà ọrọọrún ìlú yín títí ọdún yóò fi parí. Ní Sátidé tí ọjà bá bọ́ sí, ìdajì kíláàsì kò ní wá. Ẹ sún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn sí ọ̀sán ọjọ́ mìíràn. Ẹ wo àsìkò kòkó ní ìparí ọdún, àti àsìkò ebè kíkọ àti iṣu gbígbìn, èyí tí ó máa ń sún mọ́ ìgbà tí JAMB ń bọ̀. Ẹ má bá bàbá jà nítorí oko tí ó ń bọ́ gbogbo ilé. Ẹ bá a ṣe àdéhùn ọjọ́, yóò sì mú un ṣẹ ju bí ẹ ti rò lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ̀kọ́ gan-an

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún wọn ní ìdánwò JSS1 ní Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì láìsọ ọ́ di ẹ̀sín. Ibi tí ihò wà ni ẹ ń wá. Ní Ìṣirò, ihò náà sábà máa ń wà níbi ìdá, nọ́ńbà tí ó dín ní òdo, àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kò mọ àwọn wọ̀nyí yóò máa há àlíjẹ́bírà sórí bí ọfọ̀. Ẹ fi ohun tí ó wà nílé kọ́ ọ. Alájọ ìyá rẹ̀ máa ń gba owó ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n ọjọ́: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn? Ọmọ tí ó bá rí i pé ó lé díẹ̀ ní mẹ́ta kò ní gbàgbé mọ́, yóò sì lọ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ti Gẹ̀ẹ́sì gba sùúrù jù. Ọmọ wa ń sọ pé «ulé» nílé, ó ń kọ «ilé» nínú iṣẹ́ Yorùbá, ìdánwò sì ń béèrè èdè kẹta lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan gbà pé a ní láti lé Yorùbá jáde kúrò ní kíláàsì kí Gẹ̀ẹ́sì tó lè wọlé, wọ́n sì ń na ọmọ nítorí rẹ̀. Ẹ̀rí lòdì sí wọn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ọ̀nà tí mo ń gbà lo ìmọ̀ yẹn nìyí. Olùkọ́ ka àyọkà kúkúrú kan sókè ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ fi Yorùbá jiyàn lórí rẹ̀ títí ó fi yé wọn yékéyéké. Ọmọ kọ̀ọ̀kan wá kọ gbólóhùn márùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì nípa rẹ̀, olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe láìṣe àtúnṣe fún wọn, ọmọ sì tún un kọ ní ọjọ́ kejì. Ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún méjì. Ní àfikún, kí wọ́n máa ka ìwé tí wọ́n fẹ́ràn fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ì báà ṣe ìtàn, ì báà ṣe ìwé ìròyìn. Ìwé àti àtùpà sólà kékeré ni kí ẹ fi owó yín rà ṣáájú ohunkóhun, nítorí iná tí kì í dúró.

Fún àwọn tí ó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ẹ wá ibi tí wọn yóò ti fi ọwọ́ kan ohun èlò. WAEC ń dán wọn wò pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko kò sì ní ohun tí ó tó. Olùkọ́ kan ní Federal Polytechnic ní Adó tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí ó wà nítòsí lè gbà kí wọ́n wá ní ọjọ́ mélòó kan nígbà ìsinmi, bí ẹ bá lọ bẹ̀ ẹ́ ní ojúkojú, tí ẹ sì mú lẹ́tà dání.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún ìtàn akọni. A máa ń sọ fún wọn pé Olóyè Afẹ́ Babalọlá kò lọ ju ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, pé ó dá kàwé nílé títí ó fi gba oyè ètò ọrọ̀ ajé àti ti òfin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, pé òun ni ó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó ní ọdún 2009. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn kan bá la odò kọjá ní òru, kò túmọ̀ sí pé kí a má ṣe afárá fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwé ìbéèrè àtijọ́ wọlé ní SS3, nígbà tí òye ti wà nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi iṣẹ́ hàn wọ́n

Ní ọdún 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àwọn àlùfáà Jesuit dá ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ń jẹ́ Cristo Rey sílẹ̀ ní àdúgbò Pilsen ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní owó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì fún ọjọ́ márùn-ún lóṣù, owó iṣẹ́ náà sì ń san apá kan nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, ṣùgbọ́n àǹfààní tí ó tún jẹ yọ ni pé àwọn ọmọ náà rí ibi tí ìwé ń gbé ènìyàn dé, wọ́n sì mọ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní ibi iṣẹ́.

Àwa kò ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n a ní ilé òògùn, ilé ìfowópamọ́ alájẹṣẹ́kù, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, oko ẹja, ilé ìtẹ̀wé, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba ọmọ kan ní ọjọ́ méjì lóṣù nígbà ẹ̀kọ́, àti ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìsinmi gígùn. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: wákàtí mélòó, iṣẹ́ wo, ta ni ó ń bójú tó o, kí ọmọ má sì di ẹni tí ń pọn omi fún ilé ọ̀gá. Ẹnì kan láàárín yín gbọ́dọ̀ máa yọjú síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń fi gbogbo ẹnu sọ pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe lè dé ilé òògùn kí ó rí i pé kíkà òògùn àti ìwé ìṣirò ọjà ni ó wu òun, ó sì dára kí ó mọ̀ ọ́n ní SS2 ju kí ó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọdún méjì ní yunifásítì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìwà àti ọkàn

Yan àgbàlagbà kan fún ọmọ márùn-ún, tí yóò máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó fún ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní gbangba níbi tí àwọn ènìyàn yòókù ti lè rí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ lọ sí ilé rẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì na ọmọ. Ẹ sọ òfin yìí fún òbí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì lé olùkọ́ tí ó bá rú u, ì báà jẹ́ òun ni ó mọ Físíìsì jù.

Ohun méjì yóò wá dán wọn wò. Àkọ́kọ́ ni àwọn ibi tí a ti ń san owó kí wọ́n lè kọ ìdáhùn sójú pátákó lọ́jọ́ WAEC. Ọmọ yín yóò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò kàwé tí ó sì ní A, yóò sì bi yín léèrè ìdí tí òun fi ń pa ara òun. Ẹ fún un ní ìdáhùn tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: àjọ WAEC máa ń fagi lé èsì odindi ilé-ìdánwò, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ìdáhùn sójú pátákó fún un ní ọdún kìíní yunifásítì, níbi tí a ti ń lé ẹni tí kò bá yege. Èkejì ni àwọn ọmọ Yahoo tí wọ́n ń gbé mọ́tò wọ àdúgbò. Ìwàásù nìkan kò lè dí ọ̀nà yìí. Ọmọ tí ó ní iṣẹ́ tí ó ń lọ ní ìsinmi, tí ó ní owó díẹ̀ nínú àjọ, tí ó sì mọ àgbà kan tí òun lè sọ òtítọ́ fún, ni ọwọ́ wọn kì í sábà tẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wọn ti sin ìyá, àwọn kan ń gbé pẹ̀lú ẹni tí kò fẹ́ wọn. Nígbà tí ọmọ kan bá ń sunkún, ẹ pa Ìṣirò tì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn òbí àti owó

Ẹ pe ìpàdé òbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi Yorùbá sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ wọn fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mú iṣu, ewébẹ̀ tàbí igi ìdáná wá fún oúnjẹ Sátidé, nítorí pé òbí tí ó mú nǹkan wá yóò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ní ìpín nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá àjọ ìwọlé sílẹ̀. Ìyá tí ó bá ń dá ẹgbẹ̀ta náírà lọ́sẹ̀ láti SS1 yóò ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ó lé ẹgbẹ̀ta náírà (₦93,600) lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kò ní tó fún ohun gbogbo, ṣùgbọ́n òun ni yóò san fọ́ọ̀mù JAMB, ìdánwò àyẹ̀wò yunifásítì, àti owó ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè yá a. Kí owó wà ní ilé ìfowópamọ́ ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta máa buwọ́ lù ú, kí òbí méjì sì wà nínú wọn. Kí a máa ka ìṣirò rẹ̀ sókè ní gbogbo ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: JAMB àti yíyan ilé-ẹ̀kọ́

Ìdánwò JAMB jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, ìbéèrè rẹ̀ sì jẹ́ 180: Gẹ̀ẹ́sì ní 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò fi wákàtí kan wá ibi tí mọ́òsì wà. Ẹ kọ́ wọn pé wọ́n lè ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnì mẹ́jọ: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti padà sínú ìdánwò bí ọwọ́ bá ṣi S tẹ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta tó fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí wọ́n bá ń gbà á fún ara wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ SS2.

Kí wọ́n tó yan iṣẹ́ mẹ́rin náà, ẹ jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo ohun tí ẹ̀ka tí ó fẹ́ ń béèrè. Ìmọ̀ ìṣègùn àti nọ́ọ̀sì ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Òfin ń fẹ́ Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò ọrọ̀ ajé ń fẹ́ Ìṣirò. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO sì gbọ́dọ̀ wà, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò jẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀ka. Máàkì tí kò tó fún ìmọ̀ ìṣègùn lè tó fún ìmọ̀ oúnjẹ tàbí fún ìmọ̀ ọ̀gbìn, ẹ má sì jẹ́ kí ìgbéraga òbí fi ọdún mẹ́ta ọmọ ṣòfò.

Àǹfààní ńlá ni pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà nítòsí wa. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, Ìkẹ́rẹ́ ní èyí tí ó dìde láti inú kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, Federal Polytechnic sì wà ní Adó. Ọmọ tí ó lè wá sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀ wá kó iṣu àti gaàrí ti dín ìnáwó rẹ̀ kù gan-an, nítorí náà, mo máa ń ní kí ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ fi ọ̀kan nínú wọn ṣe àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìdánwò, iṣẹ́ kù. Ọmọ tí ó fi «mò ń retí èsì» forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ gbé èsì WAEC rẹ̀ sórí ìkànnì JAMB bí ó bá ti jáde. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí máàkì rẹ̀ ju ohun tí ẹ̀ka rẹ̀ béèrè lọ dáadáa, tí àyè náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé èsì kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Èmi ni ó yẹ kí n sọ fún un. Láti ọdún yẹn, ẹnì kan láàárín wa ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ojú ìkànnì ọmọ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ọjọ́ Ajé, títí ọmọ náà yóò fi tẹ̀ ẹ́ pé òun gba àyè tí wọ́n fún òun.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Lẹ́yìn tí orúkọ bá jáde

Ẹ má túká. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀ lé e ni owó àjọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá ọmọ náà forúkọ sílẹ̀ fún owó yíyá ti NELFUND, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ìkànnì rẹ̀ ní ọdún 2024 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Kò ní èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ sì lè béèrè fún ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. NIN, BVN, nọ́ńbà JAMB àti nọ́ńbà ilé-ẹ̀kọ́ ni wọn yóò béèrè, ibẹ̀ ni ẹ óò sì ti dúpẹ́ pé ẹ tún orúkọ ṣe ní SS1. Ẹ ṣàlàyé fún òbí pé gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn, kí wọ́n lè pinnu pẹ̀lú ojú tí ó là.

Kí ọmọ tó kúrò nílé, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan láti ìlú yín tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ó lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, kí ó fi ibi ìforúkọsílẹ̀ àti ilé ìkàwé hàn án, kí ó sì sọ ilé wo ni omi wà fún un kí ó tó sanwó ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ máa pè é ní alẹ́ Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan fún sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bi í bóyá ó jẹun lónìí, bóyá orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé iṣẹ́ gbogbo tí ó ń ṣe, iṣẹ́ wo ni kò yé e, ta ni ó ń bá kẹ́gbẹ́. Bí ó bá sọ pé kò sí wàhálà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, kí ẹnì kan wọ ọkọ̀ lọ rí i. Nígbà tí ìsinmi bá dé, ẹ fún un ní owó ọkọ̀ kí ó wá jókòó ti àwọn ọmọ SS1 fún Sátidé kan, kí ó kọ́ wọn ní ìdá, kí ó sì fi káàdì akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ hàn wọ́n, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yí i wò.